Etí wo ni a fi ń gbọ́ òórùn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún 2014, nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí mo wà nígbà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ wọ yàrá mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé, ó sì sọ pé: "Sir, I am hearing the smell of something burning."

Mo gbé ojú kúrò lára ìwé tí mo ń yẹ̀ wò. Ó yẹ kí n béèrè ohun tí ó ń jó. N kò béèrè. Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà ni ó ká mi lára. Mo ní, "Etí wo ni o fi gbọ́ òórùn náà? Ti ọ̀tún ni àbí ti òsì?" Àwọn akọ̀ròyìn mẹ́rin tí wọ́n wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ara mi dùn mọ́ mi nínú, mo bá bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní, èyí tí í ṣe "gbọ́", tí a fi ń gbọ́ ohùn, tí a fi ń gbọ́ òórùn, tí a sì fi ń gbọ́ èdè; pé Gẹ̀ẹ́sì ya ti etí sọ́tọ̀, ó sì ya ti imú sọ́tọ̀. Ọmọ náà dorí kodò. N kò tíì parí ẹ̀kọ́ mi nígbà tí èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wáyà jẹnẹrétọ̀ ni ó ti ń jó, iná sì ti ran yàrá kékeré tí a ń kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Bàbá ọlọ́dẹ wa ni ó sáré lọ pa ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà bó láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ó sì fi ń lọ gba ìtọ́jú.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè rẹ́rìn-ín bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹnìkan bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ, ó sì sọ ọ́ ní àsìkò. Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀gá nínú èdè ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe rò pé inú kì í bí mi mọ́. Ẹni tí ó ti fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún jókòó ti ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn, tí ó ń gé e, tí ó ń tún un rán bí télọ̀, kò lè ṣe kí etí rẹ̀ má máa yún un. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí ó ń yún mi létí.

Ẹnìkan yóò dìde níwájú yín, yóò kọ ẹ̀yìn sí yín, yóò sì máa lọ. Bí ó ti ń lọ ni yóò sọ pé "I'm coming." Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé "mò ń bọ̀" ni ó túmọ̀ sí: onítọ̀hún fẹ́ jáde, yóò sì padà láìpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kò yé ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní London ní ọdún 2009 sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé "I'm coming, sir", ó sì gba òdìkejì títì lọ láti ra tíì. Ọ̀gá náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà fún ogún ìṣẹ́jú. Ìwé ìkìlọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi gbà lé tíì náà lórí.

Ẹ wá sí ilé wa. "Off the light." "On the gen." Ẹni tí ó gba máìkì níbi ìnáwó yóò ní "I am opportuned to be here." Èrò ọkọ̀ yóò kígbe sí awakọ̀ pé "Reverse back!" Mo máa ń béèrè pé, ta ni ó ti "reverse" lọ sí iwájú rí? A ń "return back", a ń "repeat again", a sì ń "discuss about". Ilé ìtajà kọ "furnitures" gàdàgbà sí ara ògiri, ilé ìwòsàn ń wá "equipments", gbogbo ènìyàn sì ń fún ara wọn ní "advices". Mo mọ ibi tí èyí ti wá. Nínú Yorùbá, àga kan ni, àga mẹ́wàá náà ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà. Nígbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé kí a fi "s" sí ìdí ọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ. A gba ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn, a wá ń fi "s" sí ohun gbogbo bí ẹni ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

Nígbà tí mo fara balẹ̀, mo rí i pé apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí. Àṣìṣe wa ni pé inú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni a ń da gbogbo wọn sí, tí a sì ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì burúkú.

Apẹ̀rẹ̀ kìíní ni ti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé ìwà ilé wa ni ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ òkúta lójú ọ̀nà, Yorùbá a ní "pẹ̀lẹ́ o". Bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a ó ní "sorry". Òyìnbó á yíjú padà, á bi wá pé ṣé àwa ni a gbé òkúta síbẹ̀ ni, nítorí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó jẹ̀bi ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá bá ẹnìkan lẹ́nu iṣẹ́, a ó ní "well done", nítorí pé "ẹ kú iṣẹ́" kò ní ọ̀gbà nínú èdè wọn; òyìnbó ní tirẹ̀ ń dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ó sì dára, kí ó tó yìn ín. A ń sọ "senior brother" nítorí pé Yorùbá kò lè dárúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ láì sọ ẹni tí ó ṣáájú, yálà ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. 

Nígbà tí ọmọ mi wà ní ọmọ ọdún méje, ó sáré wọlé wá bá mi, ó ní, "Daddy, they are calling you." Mo wọ ẹ̀wù, mo jáde, mò ń retí èrò. Ìyá àgbà kan ṣoṣo láti ilé kejì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ bá ọmọ náà wí pé ẹnìkan kì í jẹ́ "they". Nígbà náà ni ó yé mi pé ọmọ náà kò lè pe ìyá àgbà ní "she", ẹni tí ó ti ń fi "wọ́n" pè láti ìgbà tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀wọ̀ ni ọmọ náà gbé wọ inú èdè tí kò ní àyè fún un. Bí mo bá nà án nítorí ìyẹn, kí ni mo ń nà? Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń nà ni, àbí ẹ̀kọ́ ilé?

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni "next tomorrow". Yorùbá ní "ọ̀la", ó sì ní "ọ̀túnla". Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀túnla, "overmorrow", ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ ọ́ báyìí. Àwa wá lo méjì. Ta ni ó jẹ̀bi nínú ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí dé orí mi ní ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kórìíra bí ẹni kórìíra ẹ̀gún: "severally". Akọ̀ròyìn á kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ti kìlọ̀ fún ẹnìkan "severally", tí ó túmọ̀ sí léraléra. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni kí oníkálukú ṣe nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń fi bírò pupa fa igi lé e lórí. N kò mọ iye akọ̀ròyìn tí mo fi bú. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kéde pé àwọn ti fi ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà kún ìwé àwọn. Mo ka orúkọ wọn: danfo wà níbẹ̀, okada wà níbẹ̀, buka wà níbẹ̀, tokunbo wà níbẹ̀, "next tomorrow" wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, "severally" ni mo rí tí ó jókòó, tí ó ń wò mí, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn mi fún un. Mo gbé bírò mi sílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, japa, agbero, eba, adire àti gele náà ti wọlé tẹ̀lé wọn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland nì, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1712 tí ó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn aláṣẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa tún èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe kí ó má bàa bàjẹ́. Lára ọ̀rọ̀ tí ó máa ń bí i nínú ni "mob", èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà ayé rẹ̀ gé kúrú láti inú èdè Látìn. Lónìí, adájọ́ ń lo "mob" nínú ìdájọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí. Swift ti lọ, "mob" wà.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1950, Adégòkè Adélabú, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olóṣèlú Ìbàdàn, pe rúkèrúdò òṣèlú kan ní "peculiar mess". Àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi etí gbé e, wọ́n fi ẹnu tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di "pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì". Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1994 nípa ọjọ́ ọ̀dọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé sínú àkọlé rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí a bá ní kí olóòtú bí èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, pẹ̀lú bírò pupa rẹ̀, a kì bá tí ní pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì.

Apẹ̀rẹ̀ kìíní nìyẹn. N kì í fọwọ́ kàn án mọ́.

Apẹ̀rẹ̀ kejì yàtọ̀. Èyí ni ti àṣìṣe tí ó ń yí ìtumọ̀ padà, tí ẹni tí ó sọ ọ́ kò sì mọ̀ pé òun ti sọ ohun mìíràn. Àwọn tọkọtaya yóò ní "we love ourselves", tí ó túmọ̀ sí pé oníkálukú wọn fẹ́ràn ara tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn fẹ́ràn ara àwọn, "each other". Ẹ lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ẹ kò ní lè fi èyí tí mo fẹ́ sọ yìí rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2018, àbúrò ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan. Ọmọ iṣẹ́ kan níbẹ̀ jí owó ọ̀gá wọn. Àbúrò ìyàwó mi ni ó ká a mọ́, ó sì gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá a padà fún ọ̀gá tí ó ti rin ìrìn àjò. Ọ̀rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní bébà àti bírò pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn àbúrò ìyàwó mi ni pé, "Mo gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀." Ohun tí ó kọ ni "I collected the money for him."

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá á sọ fún ọmọ tí ó ń fi ọ̀bẹ ṣeré pé "I will collect it for you", yóò sì já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó ka ìwé náà kì í ṣe Yorùbá. Ohun tí ó kà ni pé ọkùnrin yìí bá ọmọ iṣẹ́ náà gba owó, ìyẹn ni pé wọ́n jọ mọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ! Òru mẹ́rin ni ó sùn sí àtìmọ́lé kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé láti ìrìn àjò tí ó sì là á yé wọn.

Mo bi í nígbà tí ó jáde pé kí ló dé tí kò fi sọ fún wọn pé Yorùbá ni òun fẹ́ fi sọ tẹnu òun. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi èyí pamọ́. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi mú un ní èdè tí ó yé e. Abala 36 sì fún ẹni tí ó ń jẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí wọ́n wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ka ìwé mẹ́wàá jáde, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ta ni ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi ni. Àwa tí a bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá mi ní ọdún 2014 ni. Ẹ̀rín wa ni ó ń lé ọmọlúàbí kúrò nínú èdè tí ó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń tì í sínú èyí tí yóò fi de ara rẹ̀ lókùn. Àwọn àgbà sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Ẹni tí a bá fi agbára gbé ẹyin lé lọ́wọ́, tí a sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà bí ó ti ń gbé e lọ, ṣé yóò gbé e délé?

Nítorí náà, n kò sọ pé kí a fi àṣìṣe apẹ̀rẹ̀ kejì sílẹ̀. Ó yẹ kí a tún un ṣe, kí a sì tètè tún un ṣe, nítorí pé ó ń gbé ènìyàn sí àtìmọ́lé, ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì ń dí ọmọ lọ́nà Yunifásítì níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó ń wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti JAMB. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tún un ṣe bí ẹni ń bọ́ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. A kì í fi ọmọ tí ẹ̀gún gún rẹ́rìn-ín.

Apẹ̀rẹ̀ kẹta ni mo fi ìbínú mi pamọ́ fún. Èyí kì í ṣe àṣìṣe rárá, kò sì sí olùkọ́ tí yóò fa igi lé e. Ariwo lásán ni. "Basically." "Actually." "You know." "At this point in time." "At the end of the day." Mo jókòó ti rédíò ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì fi ìka ka iye ìgbà tí olóṣèlú kan sọ "at the end of the day" nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni. Nígbà tí ó fi máa parí, ilẹ̀ ti ṣú nígbà mọ́kànlá, n kò sì mọ ìgbà tí wọn yóò tún ọ̀nà náà ṣe.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ẹni tí ó sọ "I am hearing the smell" ní nǹkan láti sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni kò bá a dé ibẹ̀. Ẹni tí ó sọ "we are on top of the situation" gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò ní nǹkan láti sọ ni, tàbí kí ó ní nǹkan tí kò fẹ́ kí a mọ̀. Nígbà tí àwọn agbófinró bá sọ pé àwọn yóò yí gbogbo òkúta padà láti wá ọ̀daràn, ẹ béèrè òkúta mélòó ni wọ́n ti yí. George Orwell ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1946, pé ọ̀rọ̀ tí a ti lò gbó a máa ronú fún ẹni tí ó ń lò ó, a sì máa fi òtítọ́ pamọ́.

Àwa akọ̀ròyìn kò mọ́ nínú èyí. Nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì wa, kò sí ìjàǹbá ọkọ̀ tí kì í ṣe "ghastly", kò sí olè tí kì í ṣe "men of the underworld", kò sì sí ẹni tí ń kú. Gbogbo wọn ń "give up the ghost" ni. Kí ẹ sì má baà rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo bá wí, ẹ ṣí ìwé ìròyìn Yorùbá tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Olè wo ni a mú rí tí a kò kọ pé ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi? Ìjà wo ni ó ṣẹlẹ̀ rí tí a kò kọ pé ẹ̀kọ kò ṣojú mímu? Ní ọ̀sẹ̀ kan ní ọdún tó kọjá, mo ka ọwọ́ pálábá márùn-ún nínú ìwé ìròyìn wa kan ṣoṣo. Bí pálábá bá ń ségi tó bẹ́ẹ̀, kí ó lọ wá àpò ra ìbọ̀wọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ni mo kọ méjì nínú márùn-ún náà.

Níbo ni gbogbo èyí ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé Yorùbá tí a ń sọ fún àwọn ọmọ nílé ni ó ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní àdúgbò wa ṣe ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní "vernacular". Ṣùgbọ́n a ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ borí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe idán. Ọmọ tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń to èrò ní èdè kan yóò mọ ohun tí ó ń wá nínú èkejì. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó ní ti ilé, tí olùkọ́ tí ó ń sọ "discuss about" sì ń kọ́ ní tòde, yóò di àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ìkùnà ti pọ̀ nínú ìdánwò. Ọdún mẹ́ta péré! Iṣu tí a gbìn, tí a ń wú wò lójoojúmọ́, nígbà wo ni yóò ta?

Èso rẹ̀ ni mo ń rí níwájú tábìlì mi. Nígbà tí a bá ń wá akọ̀ròyìn tuntun, mo máa ń fún wọn ní iṣẹ́ méjì: kí wọ́n kọ ìròyìn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tún kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, lọ́pọ̀ ìgbà Yorùbá rẹ̀ náà a já gaara. Ẹni tí ó ń kọsẹ̀ nínú ọ̀kan a máa ṣubú nínú èkejì. N kò tíì rí ẹni tí àìgbọ́ Yorùbá sọ di ọ̀gá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ń rí ni ọ̀dọ́ tí ó ní "So, mo wá tell wọn pé, actually, kò possible", tí ó sì rò pé òun ti sọ èdè méjì.

Àwọn bàbá wa sọ pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lápá, á sọ ọ́ lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀wù tí a gbà wọ̀. A ti wọ̀ ọ́ pẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè bọ́ ọ sílẹ̀ lónìí. A lè tún un rán kí ó bá wa mu, bí a ti rán "next tomorrow" mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní búbá kankan tirẹ̀ nílé, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ẹ̀wù náà ti fún un?

Ohun mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ Yorùbá fún àwọn ọmọ yín ní àsọjálẹ̀, kí ẹ sì ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára fún wọn kí wọ́n máa kà á. Ìwé kíkà ni ó ń tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ẹgba kọ́. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ bá kàn, ẹ má tijú láti sọ pé èdè yín ni ẹ fẹ́ fi sọ tẹnu yín. Ẹ̀yin olóṣèlú, bí ọjọ́ bá parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sùn.

Ní ti ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún 2014 tó parí. Mo wá nọ́mbà rẹ̀ rí ní ọdún tó kọjá, mo pè é, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀, mo ti gbàgbé." Ó béèrè àlàáfíà bàbá ọlọ́dẹ, ó béèrè ti ìyàwó mi, ó béèrè ti àwọn ọmọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi sọ̀rọ̀. Kò sọ ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sí mi. Mo mọ̀ pé kò tíì gbàgbé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tọ̀ yín wá, tí ó ní òun ń "hear" òórùn, ẹ kọ́kọ́ lọ pa iná náà. Bí ẹ bá padà dé, ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, kí ẹ wá kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.